ÌMỌ́LẸ̀ TÓ TI ÒKÈ WÁ: Ohun Tí Fọ́tò Ìnáwó Wa Fi Lè Jọ Wá

Ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún ẹni tó bá ń gbé Egan. Láti òwúrọ̀ ni kánópì á ti dí ojú ọ̀nà àdúgbò kan, tí wọ́n á sì ti máa to àga sínú gbọ̀ngàn mìíràn. Níbí ni wọ́n ti ń so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó, lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ní òdìkejì títì ni wọ́n ti ń ṣe ìdúpẹ́ ìsìnkú àgbàlagbà. Bí ètò kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀ síra tó, ẹnì kan wà tí a óò bá nínú gbogbo wọn. Ẹni náà ni ọ̀gá fọ́tò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, álúbọ́ọ̀mù dé. Gbogbo ilé kó jọ láti wò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣí i ni ojú ń fà ro. Iwájú orí bàbá ìyàwó ń dán bí ìgò. Ẹyinjú ọkọ ìyàwó pọ́n bí ẹyin iná. Òjìji dúdú kan lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn olúkúlùkù, bí ẹni pé ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà ní ìlà iwájú funfun bí ẹni tó fi ẹfun kunjú, àwọn tó wà lẹ́yìn wà nínú òkùnkùn, gbọ̀ngàn tí wọ́n sì fi owó ńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dà bí ihò inú àpáta. Nígbà náà ni ìyá ìyàwó á wá bèèrè pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé, “Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?”

Rárá o, Mọ́mì. Kì í ṣe bí ẹ ṣe rí nìyẹn. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún yín kò ní àléébù kankan. Iná ni wọn kò darí síbi tó yẹ.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí lóṣù yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Oúnjẹ ìnáwó a máa tán, ìlù a máa dákẹ́, aṣọ ẹbí a máa ṣá, ṣùgbọ́n fọ́tò ló ń ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò ní fọ́tò ìyá wọn mìíràn ju èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó ọmọ lọ. Lọ́jọ́ tí ìyá bá sì papò dà, inú fọ́tò yẹn náà ni wọ́n óò ti gé ojú rẹ̀ jáde fún ìwé ètò ìsìnkú. Bí ojú náà kò bá hàn lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ náà padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni fún ọ̀dọ́ tó ń fi kámẹ́rà jẹun, fọ́tò tí kò dára ni oníbàárà tí kò ní padà wá mọ́. Iṣẹ́ ẹni ni orúkọ ẹni.

OHUN TÍ INÁ TÀÀRÀ Ń ṢE

Ohun mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fọ́tógíráfà bá gbé fíláàṣì sórí kámẹ́rà, tó sì dojú rẹ̀ kọ èèyàn tààrà.

Àkọ́kọ́ ni pé ojú fíláàṣì kéré. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Iná tó bá ti ojú kékeré jáde máa ń le. Ibi tó bá ti bá òógùn tàbí ìpara lójú èèyàn, ibẹ̀ á tàn yànrànyànràn bí dígí, ìyókù ojú á sì ṣókùnkùn. Ara aláwọ̀ dúdú ni èyí ti máa ń hàn jù, nítorí pé ibi tó ń dán àti ibi tí kò dán jìnnà síra wọn. Ẹ sì mọ bí ooru gbọ̀ngàn wa ṣe ń rí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú. Ta ni kò ní làágùn?

Èkejì ni pé fíláàṣì náà sún mọ́ lẹ́ńsì jù. Iná rẹ̀ á gba ihò ẹyinjú wọlé, á lu ẹ̀yìn inú ojú tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí, á sì padà tààrà sínú lẹ́ńsì. Òun ló ń mú kí ojú pọ́n nínú fọ́tò. Bí ibi tí a wà bá ṣe ṣókùnkùn tó, ni ihò ẹyinjú ṣe ń fẹ̀ tó, tí pípọ́n náà sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta ni òfin ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí iná, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló kù fún wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìlà iwájú jìnnà sí fọ́tógíráfà ní mítà 1.5, tí ìlà ẹ̀yìn sì wà ní mítà 3. Ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ìlà iwájú rí gbà ni ìlà ẹ̀yìn máa rí. Ẹni tó bá jókòó sí mítà 6, ìdá kan nínú 16 ni tirẹ̀. Ìdí nìyí tí tábìlì ìyàwó fi máa ń tàn, tí àwọn àna sì máa ń sọnù sínú òkùnkùn. Kámẹ́rà olówó gọbọi kò lè yí òfin yìí padà. Ohun tí a lè yí padà ni ọ̀nà tí iná ń gbà.

LÁTI ÌYẸ̀FUN DÉ BÁTÌRÌ

Ó dára ká mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá. Láyé àtijọ́, ìyẹ̀fun mágínísíọ́mù ni àwọn fọ́tógíráfà ń sun. Ó ń tàn yòò, ó ń rú èéfín, ó sì léwu. Ní 1929 ni gílóòbù fíláàṣì dé sí ọjà ní Jámánì; ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì jù ú nù. Ní 1931, Harold Edgerton, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, fi iná mànàmáná tó ń tàn nínú gáàsì mú ohun tó ń sáré dúró nínú àwòrán. Nínú irú iṣẹ́ yẹn ni fíláàṣì tí a ń tàn lọ́pọ̀ ìgbà lónìí ti wá.

Àwọn ọmọ Áfíríkà kò kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ní Bamako, olú ìlú Mali, Malick Sidibé gbé kámẹ́rà fúyẹ́fúyẹ́ àti fíláàṣì lọ sí òde àríyá àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1960. Fọ́tò tó yà ní 1963, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ń jó lálẹ́ Kérésìmesì, ti di mímọ̀ káàkiri àgbáyé. Ní 2007, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ìlú Venice. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ti àṣeyọrí ìgbésí ayé níbẹ̀. Ní Èkó tiwa níbí, J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Dúdú lórí dúdú ni, síbẹ̀ ẹ lè rí ojú ìdì irun kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹ kó ti wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé aláwọ̀ dúdú kò ṣeé yà.

Lóòótọ́, àwọn tó ṣe fíìmù kò kọ́kọ́ rò ti wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí àwọn ilé ìfọfíìmù ń fi díwọ̀n àwọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Kodak máa ń ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun. “Shirley” ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ojú rẹ̀ bá ti dára lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbà pé ó ti dára fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń ta àga onígi àti ṣokoléètì wà lára àwọn tó ṣàròyé pé àwọ̀ pákó àti ti ṣokoléètì kò hàn dáadáa, kí wọ́n tó tún fíìmù náà ṣe. Kámẹ́rà òde òní ti dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ya ojú dúdú kó hàn dáadáa ṣì ní láti mọ iná í lò.

FÍLÁÀṢÌ TÓ Ń DÁ RÒNÚ

Nínú àwọn ọdún 1970 ni fíláàṣì ọ́tò tó ní ẹ̀yà thyristor tàn kálẹ̀. Vivitar 283 wà lára àwọn tó lókìkí jù, àwọn kan sì ṣì ń lò ó títí di òní. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé wa. Ojú kékeré kan wà níwájú rẹ̀ bí ojú ẹ̀wà. Bí iná bá ti jáde, ojú yìí á máa díwọ̀n èyí tó padà wá láti ara ẹni tí a ń yà. Bó bá ti tó, á pàṣẹ kí iná kú, iná á sì kú. Bí èèyàn bá wà nítòsí, gbogbo rẹ̀ kò gba tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tí kò lò á sì ṣẹ́ kù fún fọ́tò tó kàn, èyí tó ń mú kí bátìrì pẹ́.

Ohun tí fọ́tógíráfà ní láti ṣe kò pọ̀. Kó sọ iye ISO fún fíláàṣì. Kó mú ipò ọ́tò kan. Kó sì ṣí ojú lẹ́ńsì sí iye f tí fíláàṣì bá sọ. Kó ṣọ́ ìyára ṣọ́tà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ tí ṣọ́tà wọn jẹ́ aṣọ kì í kọjá 1/60. Ọ̀pọ̀ ti òde òní kì í kọjá 1/200 tàbí 1/250. Bó bá sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan fọ́tò á dúdú pátápátá.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé pé ojú kékeré yẹn kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ. Iye ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí aṣọ ìyàwó funfun bá kún inú fọ́tò, iná púpọ̀ á padà, fíláàṣì á rò pé ó ti tó, á tètè kú, ojú ìyàwó á sì ṣú. Nígbà náà, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì sí i ní ààbọ̀ ìpele tàbí odindi ìpele kan. Ìpele kan túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, bí ẹni pé a kúrò ní f/8 wá sí f/5.6, tàbí láti f/5.6 wá sí f/4. Bó bá jẹ́ àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú ló tò síwájú aṣọ ìkélé dúdú, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: fíláàṣì á máa tú iná jáde, ojú wọn á sì funfun jù. Ẹ pa ojú lẹ́ńsì dé ní ààbọ̀ ìpele. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá wọ funfun láti òkè délẹ̀, ẹ rántí ti ìyàwó.

Ẹ TA INÁ LU ÀJÀ

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn. Kàkà kí a dojú fíláàṣì kọ èèyàn, ẹ yí orí rẹ̀ sókè kó kọjú sí àjà ilé. Iná á lu àjà, á fọ́n káàkiri, á sì rọ̀ wálẹ̀ sórí àwọn èèyàn. Bọ́ńsì ni àwọn fọ́tógíráfà ń pè é. Kí ló yí padà? Ojú iná tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ti di odindi apá kan àjà. Ibi tó ń dán lójú á rọ̀, òjìji á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn èèyàn, ojú kì í sì í pọ́n, nítorí iná kò gba ọ̀dọ̀ lẹ́ńsì wá mọ́.

Àǹfààní rẹ̀ fún ìlà ẹ̀yìn tún wà. Ẹ jẹ́ ká tún mú àpẹẹrẹ wa ìṣáájú. Bí àjà bá ga ní mítà 3, tí fíláàṣì sì wà ní mítà 1.6 sílẹ̀, ọ̀nà tí iná gbà lọ sókè tó sì gbà wálẹ̀ dé ìlà iwájú jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.2, dé ìlà ẹ̀yìn, nǹkan bíi mítà 4.1. Nítorí pé ọ̀nà méjèèjì kò jìnnà síra wọn mọ́, ìlà ẹ̀yìn á rí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí ìlà iwájú rí, dípò ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn àna ti jáde kúrò nínú òkùnkùn nìyẹn!

Ibí yìí gan-an ni fíláàṣì ọ́tò ti wúlò jù. Orí rẹ̀ ló yí sókè, ṣùgbọ́n ojú kékeré yẹn ṣì kọjú síwájú, ó ń wo èèyàn. Kò bìkítà ọ̀nà tí iná gbà dé. Bó bá ti tó, á pa á. Kí ẹ kàn rí i pé ohunkóhun kò dí ojú náà, ìbáà ṣe ìka ọwọ́ tàbí okùn kámẹ́rà.

Ẹ̀bùn yìí ní owó tí a ń san. Àjà máa ń gbé apá kan iná mì, ọ̀nà sì gùn sí i. Nínú iyàrá tí àjà rẹ̀ funfun, ẹ ka àdánù náà sí nǹkan bí ìpele méjì. Bí fíláàṣì bá ní agbára 36 ní mítà fún ISO 100, tí ọ̀nà iná sì jẹ́ mítà 4, 36 tí a pín sí 4 jẹ́ 9. Ẹ kà á sí f/8. Ẹ ṣí ìpele méjì, ó di f/4. Bó bá jẹ́ ISO 400 ni ẹ ń lò, f/8 náà ló padà dé. Nítorí náà, níbi bọ́ńsì, ẹ mú ipò ọ́tò tó ń béèrè ojú lẹ́ńsì tó fẹ̀ jù, tàbí kí ẹ gbé ISO sókè. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì ọ́tò ní iná kékeré kan tó máa ń tàn lẹ́yìn tí ó bá yìn láti sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ yìn ín lófìfo wò, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìkíní, ẹ fojú sun àárín méjì ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń yà lórí àjà, kì í ṣe òkè orí onítọ̀hún gan-an. Bí iná bá ti òkè orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kòtò ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn bíi ti ẹni tí kò sùn lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìkejì, ẹ wá pákáléètì funfun kékeré kan, kó fẹ̀ tó káàdì ìkésíni, kí ẹ fi rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀yìn orí fíláàṣì kó yọ sókè díẹ̀. Á ju ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ síwájú, ẹyinjú á sì tàn bí ẹni tó wà láàyè. Ìkẹta, ẹ wo àwọ̀ ohun tó wà lókè. Àjà funfun ló dára jù. Pákó á gbé iná mì, á sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan pọ́n rúsúrúsú. Kánópì funfun ṣeé lò bó bá rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ kánópì aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró, iná á mú àwọ̀ náà wá sójú ìyàwó, kò sì sí páńkéèkì tó lè bò ó. Ìkẹrin, mélòó nínú gbọ̀ngàn àti ilé ìjọsìn àdúgbò wa ni wọn kò tíì kan àjà sí? Páànù lásán àti igi ìrólé ló wà lókè, ó ga, ó sì ti dúdú. Níbẹ̀, ẹ má fi bátìrì ṣòfò. Bí ògiri funfun bá wà nítòsí, ẹ ta iná lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí bírákẹ́ẹ̀tì ràn yín lọ́wọ́.

BÍRÁKẸ́Ẹ̀TÌ: IRIN TÓ Ń GBÉ INÁ GA

Bírákẹ́ẹ̀tì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a ń dè mọ́ ìdí kámẹ́rà, tó sì ní apá tó nà sókè láti gbé fíláàṣì ga sókè lẹ́ńsì. Okùn kan á so fíláàṣì pọ̀ mọ́ kámẹ́rà kí méjèèjì lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí fíláàṣì bá ti ga bẹ́ẹ̀, iná kò ní gba ihò ẹyinjú padà sínú lẹ́ńsì mọ́, òjìji á sì bọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn èèyàn níbi tí ara rẹ̀ á ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tó ti gbani jù ni ìgbà tí a bá gbé kámẹ́rà dúró lóòró láti ya ìyàwó láti gèlè dé bàtà. Bí fíláàṣì bá wà lórí kámẹ́rà, yíyí tí a yí i yìí á gbé iná bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, òjìji ńlá á sì lẹ̀ mọ́ ògiri lápá kejì. Bírákẹ́ẹ̀tì tó dára ní apá tó ṣeé yí, kí fíláàṣì lè máa wà lókè lẹ́ńsì nígbà gbogbo. Stroboframe wà lára àwọn orúkọ tí ayé mọ̀ nínú irú irin bẹ́ẹ̀. Àwọn Metz oníhàn-ún tó ní ìdìmú ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ní irin tiwọn.

Ṣé dandan ni ká ra ti òkè òkun? Rárá. Ojú ihò tó wà ní ìdí kámẹ́rà ń gba ìdè ìdá mẹ́rin ínǹsì kan, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè fi irin pẹlẹbẹ tí kò wúwo ṣe é: ìsàlẹ̀ tí kámẹ́rà á jókòó lé, ìdìmú lápá òsì, apá tó ga tó nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà sókè. Kí wọ́n fi rọ́bà bo ibi tí kámẹ́rà ń fara kàn, kí wọ́n sì rí i pé ìdè náà kò gùn ju ihò lọ, kó má baà gún ikùn kámẹ́rà. Ojú kékeré fíláàṣì ọ́tò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú bákan náà.

Ẹ tún fetí sí èyí: níta gbangba lálẹ́, kò sí àjà, kò sí ògiri. Bírákẹ́ẹ̀tì àti iná tààrà ló kù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́tà falẹ̀ díẹ̀, bíi 1/30, kí àwọn iná tó wà nínú ọgbà lè hàn lẹ́yìn àwọn èèyàn dípò òkùnkùn biribiri.

Ẹ ṢỌ́ RA

Inú fíláàṣì ní ẹ̀yà kan tó ń kó iná mànàmáná pamọ́, ó sì lè tó nǹkan bíi fóltì 300. Ó lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ bátìrì. Ẹ má ṣe tú u nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré. Ìkejì, àwọn fíláàṣì àtijọ́ kan, títí kan Vivitar 283 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, máa ń rán iná tó ju fóltì 200 lọ sí ẹnu ibi tí wọ́n ti fara kan kámẹ́rà. Kámẹ́rà ayé ijọ́sí lè gbà á. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà oní-dígítà kò lè gbà á, ó sì lè bà á jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra tòkúnbọ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dè é mọ́ kámẹ́rà tuntun.

ÌPA TI ÌDÍLÉ ÀTI TI ÌJỌ

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Fọ́tógíráfà nìkan kọ́ ni fọ́tò tó dára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìdílé, ẹ mú fọ́tógíráfà yín lọ wo gbọ̀ngàn kí ọjọ́ tó pé. Ẹ jẹ́ kó wo òkè. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan kánópì, ẹ yan funfun fún ibi tí tọkọtaya máa jókòó sí. Ẹ má to àgbàlagbà mọ́ ògiri gbágbágbá. Ẹ jẹ́ kí àyè wà lẹ́yìn wọn. Ẹ wá aṣọ ìnujú sítòsí. Ẹ sì ya ìyá àti bàbá sọ́tọ̀ ní àwọn nìkan, kí agbo ijó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ṣì tù wọ́n.

Ẹ̀yin olórí ìjọ, bí ẹ bá ń kan àjà tàbí ẹ ń kùn ún, ọ̀dà funfun tí kì í dán ni yóò ṣe ìjọ láǹfààní jù: ó ń jẹ́ kí ilé mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ojú àwọn ọmọ yín hàn nínú fọ́tò.

Ẹ̀yin fọ́tógíráfà, iná tó ń kọ mànà lójú èèyàn nígbà tí ó di ojú pọ̀ ń gbàdúrà kì í ṣe ohun ọmọlúàbí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣíwájú ibi tí ẹ lè dúró sí àti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹ má gun orí pẹpẹ nítorí fọ́tò. Ẹ má sì dojú fíláàṣì kọ ìkókó tí wọ́n ń sọ lórúkọ láti itòsí. Ẹ ta á lu àjà, àá sì tún ya ọmọ náà dáadáa.

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kò nílò ìnáwó kankan láti fi dánra wò. Ní alẹ́ òní, kó mú àbúrò rẹ̀ jókòó síwájú ògiri nínú pálọ̀. Kó yà á pẹ̀lú iná tààrà, kó tún yà á pẹ̀lú iná tó lu àjà, kó tún yà á pẹ̀lú fíláàṣì tó gbé ga lọ́wọ́ bíi ti bírákẹ́ẹ̀tì. Kó to fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì bi ìyá rẹ̀ pé èwo ló jọ ọmọ òun. Ìyá kì í ṣì í mọ̀.

Lákòótán, bí ẹ bá ti gba fọ́tò yín, ẹ tẹ èyí tó dára jù jáde sórí ìwé. Fóònù a máa bàjẹ́, a sì máa sọnù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún náà sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ ẹni tí wọ́n jọ.